Ta lọ́mọ rẹ̀ ti sọ fún rí pé ògiri ń hó?

Màmá Bọ́lá: Bọ́lá, ọmọ ọdún 9, ló bi mí níjọ́sí pé, "Màmá, kí ló dé tí ògiri fi máa ń hó?" Mo rẹ́rìn-ín. Àṣé kò ṣeré. Tọ̀sán-tòru ló ń rí i, bó dijú pàápàá kì í lọ. Dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí nǹkan kan. Ta nirú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí?

Ògbójú: Fóònù ni. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Màmá Bọ́lá: Ọmọ tí kò ní fóònù, sà?

Ògbójú: Ó fẹ́ sá fún ìwé nìyẹn.

Àdùkẹ́: Ẹ̀yin sà yìí, irú ọ̀rọ̀ yín ló fi ọdún 2 ṣòfò fún wa. Iyanrìn ni tèmi ní ó ń jó lójú òun. Jígí ojú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la rà. Ọjọ́ tí dókítà ọpọlọ bi í bóyá ó dà bíi tẹlifíṣàn tí kò gbé àwòrán, ńṣe ló fò dìde: "Òun gan-an!" Visual snow ni wọ́n pè é. MRI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ, ò fi nǹkan kan hàn, ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà túmọ̀ ohun tójú rí ló dàrú. Ẹ bi Bọ́lá bóyá nǹkan tó ti kọjá ṣì máa ń hàn sí i, bóyá iná ń pa á lójú. Ó sì gbọ́dọ̀ ti lé lóṣù 3 kí wọ́n tó pè é bẹ́ẹ̀.

Bàbá Kékeré: Ẹ dúró ná. Mo ti lé ní 40, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń rí gbogbo nǹkan. Ṣé gbogbo yín kì í rí i ni??

Àdùkẹ́: Rárá o!

Ògbójú: Rárá 😂

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Bó bá jẹ́ òbìrìkìtì aláwọ̀ mèremère ni, tó ń wá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó tún ń lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe EEG, àyẹ̀wò tó ń wo bí iná ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Wárápá kan wà tó jẹ́ pé ohun téèyàn ń rí ló ti máa ń kọ́kọ́ hàn.

Màmá Bọ́lá: Háà, wárápá kẹ̀?

Àdùkẹ́: Nọ́ọ̀sì, ó ní kì í lọ. Ẹ má dẹ́rù bà á.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Mo ní "bó bá jẹ́". Ẹ máa kàwé dáadáa.

Ìyá Kẹ́mi: Ọmọ tèmi sọ pé orí mi kéré bíi bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì lójú òun. Alice in Wonderland syndrome ni wọ́n pè é, nǹkan á máa kéré tàbí tóbi ju bó ṣe rí lọ lójú èèyàn. Migraine, ẹ̀fọ́rí túúlu, ló fà á. Ó ti lọ.

Bàbá Kékeré: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe màmá mi. Wọ́n ní àwọn náà ń rí i, kí ló wá burú níbẹ̀.