Báwo ni a ṣe lè dá ọ̀pẹ Ifá mọ̀ nígbà tí ó ṣì kéré?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ilẹ̀ díẹ̀ ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé mi ní Ìbàdàn, mo sì fẹ́ gbin ọ̀pẹ Ifá sí i, nítorí ó ń dùn mí pé àwọn ọmọ mi ń gbọ́ orúkọ igi yìí láìfojú kàn án rí. Ẹnìkan tí ó ń ta ọmọ igi fi ọmọ ọ̀pẹ mélòó kan tí ewé wọn kò là hàn mí, ó ní àmì ọ̀pẹ Ifá nìyẹn. Ǹjẹ́ mo lè gbọ́kàn lé àmì náà? Báwo ni mo sì ṣe lè tọ́ wọn dàgbà?

Èsì kìíní
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sanwó. Gbogbo ọmọ ọ̀pẹ, yálà ti Ifá tàbí ọ̀pẹ lásán, ni ewé àkọ́yọ wọn máa ń rí gbọọrọ láìlà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn ewé tí ó tẹ̀lé e a là sí méjì lórí. Nígbà tí igi náà bá sì ń sún mọ́ ọdún kan, ewé rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ya wẹ́wẹ́ bí imọ̀ ọ̀pẹ tí gbogbo wa mọ̀. Ọ̀pẹ Ifá ni kì í ya bẹ́ẹ̀: àwọn ewé tí ó yẹ kí ó pínyà lára imọ̀ rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ra títí igi náà yóò fi dàgbà. Ohun tí wọ́n fi hàn yín kì í ṣe àmì kankan rárá. Bí ó bá ní èyí tí ó ti ju ọdún kan ààbọ̀ lọ, tí ewé rẹ̀ tuntun kò sì ya, ìyẹn ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Èsì kejì
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún mọ̀ pé ènìyàn lè ṣa ẹyìn lábẹ́ ọ̀pẹ Ifá gidi, kí ọmọ tí yóò hù sì jẹ́ ọ̀pẹ lásán. Òdòdó akọ àti ti abo kì í sábà tanná pọ̀ lórí igi ọ̀pẹ kan náà, nítorí náà lẹ́búlẹ́bú tí kòkòrò gbé wá láti ara ọ̀pẹ mìíràn ni ó máa ń mú un so. Àbùdá ewé tí kò ya yìí sì máa ń fara pamọ́: bí ọmọ kò bá jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ akọ àti abo, kò ní hàn lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó dá òun lójú ní láti bẹ akọpẹ kí ó fi àpò aṣọ bo òdòdó abo kí ó tó tanná, kí ó sì fi lẹ́búlẹ́bú ọ̀pẹ Ifá mìíràn sí i. Ẹ má sì sọ ọmọ ọ̀pẹ Ifá nù nítorí pé ewé rẹ̀ ya, torí àbùdá náà wà nínú rẹ̀. Bí irú méjì bẹ́ẹ̀ bá gba ara wọn, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ wọn ni a lè retí pé yóò fi í hàn.

Èsì kẹta
Ní ti títọ́ wọn, èèpo líle ekùrọ́ máa ń mú kí ó pẹ́ kí ó tó hù. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ mímú irúgbìn ọ̀pẹ jáde máa ń fi í sínú ooru tí ó tó ìwọ̀n Celsius 39 fún nǹkan bí 80 ọjọ́ kí wọ́n tó mú un rin. Nílé, ó rọrùn jù láti fi ọkọ́ wú àwọn tí ó lalẹ̀ hù lábẹ́ ìyá wọn, tiyẹ̀pẹ̀-tiyẹ̀pẹ̀, kí a sì kó wọn sínú ọ̀rá dúdú tí a lu nídìí, sí abẹ́ ibòòji díẹ̀. Ẹ tọ́ púpọ̀, kí ẹ lè yan nínú wọn nígbà tí ewé bá fi irú wọn hàn. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ẹ gbé èyí tí ẹ bá yàn sílẹ̀, kí ẹ sì fi wáyà yí ìdí rẹ̀ ká bí ọ̀yà bá wà ládùúgbò yín.

Oníbèéèrè
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín púpọ̀. Báwo ni kí ó ṣe jìnnà sí ògiri tó?

Èsì kẹta
Nínú oko, mítà 9 ni a máa ń fi sáàárín ọ̀pẹ kan sí èkejì. Sí ògiri, ẹ má jẹ́ kí ó dín ní mítà 5, torí imọ̀ rẹ̀ máa ń gùn.