Màmá aládìrẹ yìí ní àwọn ń lo oògùn, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ò wálẹ̀

Nọ́ọ̀sì Kékeré:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Màmá kan wà tí wọ́n ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn fà á, ìtọ̀ ṣúgà tún wá dara pọ̀ mọ́ ọn léṣìí. Ìgbà mẹ́ta tí wọ́n wá kẹ́yìn, 168/98, 172/100, ti Ìṣẹ́gun yìí 170/96. Wọ́n ní àwọn ń lo oògùn, lóòótọ́ ni páálí rẹ̀ sì ń ṣófo. Mo ti wàásù iyọ̀ àti mágí títí ẹnu fi fẹ́ẹ̀ bó. Ṣé kí dókítà fi oògùn kún un ni, àbí nǹkan wà tí mi ò rí?

Ìyá Ìbejì, Láfẹ́ńwá:
Ṣé wọ́n lo oògùn láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wá? Nítorí ṣúgà tí a ní kí wọ́n má jẹun wá fún, wọ́n máa ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà sílẹ̀. Omi lásán kì í ba àyẹ̀wò ṣúgà jẹ́, kí wọ́n fi gbé e mì. Oògùn ti ṣúgà ló máa dúró de oúnjẹ.

Kí wọ́n sì jókòó fún ìṣẹ́jú 5 kẹ́ ẹ tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ẹ̀yìn wọn kó fara ti àga, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. (Ará ọjà kó má sọ̀rọ̀! Ẹ kú ìnira.) Tí apá wọn bá tóbi, aṣọ ìdèpá tí a fi ń wọ̀n ọ́n, tó bá fún, máa ń gbé e sókè ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ewúro ni màmá tèmi ń mu o.

Ìyá Ìbejì, Láfẹ́ńwá:
Kò burú, àmọ́ kò lè rọ́pò oògùn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìbarà (mo ti fẹ̀yìn tì):
Ṣé èyí tó ń mú ni tọ̀ wà nínú oògùn wọn? Mo bá aláṣọ kan fà á fún ọdún kan gbáko kó tó la ẹnu pé, "Nọ́ọ̀sì, ibo ni kí n tọ̀ sí láàárín ọjà?" Gbogbo ọjọ́ tí ọjà bá kún ló ń da hóró rẹ̀ nù, kí páálí lè ṣófo.

Má bi wọ́n pé "ṣé ẹ ń lò ó?" Bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa sọ. Ta ló fẹ́ kí ọmọ tí òun lè bí máa bá òun wí? Bi wọ́n pé, "Màmá, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀melòó ni oògùn fò yín?"

Ṣùgbọ́n tó bá gun 180/120, tí àyà ń dùn wọ́n tàbí tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, má bi wọ́n ní nǹkan kan. FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, tààrà.

Nọ́ọ̀sì Kékeré:
Ẹ̀yin màmá, mo lọ bá wọn ní ìsọ̀ lánàá. Mo béèrè bẹ́ ẹ ṣe wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀marùn-ún." Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ náà ni! Dókítà wa ti ní kí wọ́n máa lo èyí tó ń mú ni tọ̀ tí wọ́n bá ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́, kó má di alẹ́ kó má baà dí oorun wọn lọ́wọ́. A ò tíì fi oògùn kankan kún un. Wọ́n ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ méjì sí i.

Wọ́n ní kí n má sọ fún ọmọ àwọn ṣá o.