Ìsìn ìdílé ń pẹ́, àdúrà ìkọ̀kọ̀ ti dàwátì: ọgbọ́n wo lẹ ń dá?

Ìyá_Ọ̀nà_Ọ̀dà
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Àkúrẹ́ la wà, ilé wa wà lọ́nà Ọ̀dà, iṣẹ́ mi sì wà ní Alágbàká; aago 8 ni kí n ti wà lórí ìjókòó. Ọmọ mẹ́ta ló ń lọ iléèwé, 6:45 ni bọ́ọ̀sì wọn ń fọn fèrè níwájú ilé. 5:30 la ń jí fún ìsìn ìdílé, ó sì máa ń tó ìṣẹ́jú 45. Àwọn ọmọ á máa tòògbé, bàbá wọn á máa wojú aago, èmi á máa gbóòórùn ìrẹsì tó ń jóná ní kíṣìnì. Àdúrà èmi nìkan pẹ̀lú Ọlọ́run ti dàwátì pátápátá. Ṣé kí n máa jí ṣáájú ìyẹn ni, àbí ìsìn ìdílé la máa gé? Ọgbọ́n tó ṣeé ṣe ni mò ń béèrè o. Ẹ má kàn sọ pé kí n gbàdúrà sí i.

Alàgbà_Ìjàpò
Ẹ kú ìtọ́jú ilé, Màmá. Nǹkan méjì lẹ so mọ́ okùn kan: ìsìn ìdílé àti àdúrà ìkọ̀kọ̀. Bí wọ́n bá ń du àkókò kan náà, ti ìkọ̀kọ̀ ló máa ń ṣubú, torí kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè rẹ̀. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí ti ìkọ̀kọ̀ ṣáájú, kí ilé tó jí, bí Olúwa wa ti ṣe nínú Máàkù 1:35. Ẹ fi í sí 5:00 sí 5:20. Ìsìn ìdílé, 5:30, kó má kọjá ìṣẹ́jú 15.

Ṣùgbọ́n alẹ́ ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó máa jí ní 4:50, tó sì fẹ́ sùn wákàtí 7, 9:50 ló ti gbọ́dọ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìròyìn aago 9 kọ́ ló ń bà á jẹ́ o, fóònù tí a ń yí lẹ́yìn ìròyìn ni. Aṣọ iléèwé, kí wọ́n ti lọ̀ ọ́. Ọbẹ̀, kó ti wà nílẹ̀. Ìrẹsì yẹn kò sì gbọdọ̀ sí lórí iná nígbà ìsìn, Màmá. Orúnkún yín á wà ní pálọ̀, imú yín á wà ní kíṣìnì.

Kí ẹ tó sùn, ẹ kó nǹkan wọ̀nyí sórí tábìlì kan: Bíbélì tí ẹ ti ṣí sí ibi tí ẹ máa kà, ìwé kékeré kan, bírò tó ń kọ, àti tọ́ọ̀ṣì. Ẹ má fojú kéré tọ́ọ̀ṣì. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí ẹ wá tan iná fóònù, ẹ máa rí i pé ẹnì kan ti fi nǹkan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó parí nìyẹn. Fóònù abẹ́ ìrọ̀rí kì í jíni pàápàá. Ọwọ́ ló ń pa aláàmù rẹ̀ kí ojú tó là. Ẹ gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn, kó jẹ́ pé ẹ máa dìde rìn kí ẹ tó lè pa á, kí ẹ sì ti pa détà láti alẹ́.

Ogún ìṣẹ́jú yẹn, ẹ fi omi bọ́jú kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 2. Sáàmù kan, ìṣẹ́jú 3, ẹ kà á jáde ní ohùn jẹ́jẹ́, torí ojú nìkan máa ń sùn lórí ìwé. Ibi kíkà tọjọ́ náà, ìṣẹ́jú 5. Àdúrà, ìṣẹ́jú 8: ìyìn, ìjẹ́wọ́, ọpẹ́, kí ẹ̀bẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú 2 tó kù, ẹ kọ gbólóhùn kan péré sínú ìwé kékeré yẹn. Bí èrò owó iléèwé bá yọjú láàárín àdúrà, ẹ má bá a jà. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà, á dúró dè yín níbẹ̀.

Bí ogún bá wúwo, ẹ fi 10 bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó fi wákàtí kan bẹ̀rẹ̀ ló máa ń tètè dáwọ́ dúró.

Tíṣà_Sọ́ńdè_Sùkúù
Alàgbà, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ n fi ti àwọn ọmọ kún un. Ìtòògbé wọn kì í ṣe ẹ̀mí èṣù kankan. Àga tìmùtìmù ni, pẹ̀lú àdúrà ẹnì kan tó gùn ju sùúrù ọmọ lọ. Kí wọ́n bọ́jú kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n dúró kọ orin, ẹsẹ méjì péré. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ Bíbélì 8, kí ọmọ tó dàgbà jù kà á. Ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ni Jésù ṣe níbí?" Ọmọ kejì á dáhùn. Àdúrà kúkúrú láti ẹnu ẹni méjì, àbíkẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ Àdúrà Olúwa, oore-ọ̀fẹ́, ó tán. Ìṣẹ́jú 12 tó o.

Ìwé Máàkù dára fún ìbẹ̀rẹ̀, ìtàn rẹ̀ ń sáré. Ẹsẹ 678 ló wà nínú rẹ̀. Ní 8 lójúmọ́, ọjọ́ 85 lẹ máa fi parí. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ lè jinlẹ̀ jù fún ọmọ ọdún 7, ẹ wá ìtumọ̀ tuntun.

Ohun kan tó tún ń lé ọmọ sá: fífi àdúrà báni wí. "Olúwa, dárí ji ẹni tó bu súgà jẹ lánàá." Gbogbo ilé ló mọ ẹni náà. Ẹ pè é lẹ́yìn ìsìn.

Akọrin_Ìsinkàn
Lórí ibi kíkà. Bíbélì ní orí 1,189. Orí 3 lójúmọ́ àti 5 lọ́jọ́ Ìsinmi ń parí rẹ̀ lọ́dún kan, ètò náà sì gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti ń já: ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ máa kan Ẹ́kísódù 25, ìgbọ̀nwọ́ àti òpó àgọ́, Léfítíkù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìparí oṣù Kìíní ni, ọyẹ́ ṣì ń mú, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yọ kí aago 7 tó lù. Kò yani lẹ́nu. Orí 3 kò tilẹ̀ lè wọnú ìṣẹ́jú 5 yẹn. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, Májẹ̀mú Tuntun ní orí 260: orí kan lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ọdún kan gbáko, àyè ọjọ́ 2 sì ṣẹ́ kù fún ìkùnà.

Ẹ̀yin ọmọ Áńgílíkà, ẹ má gbàgbé Ìwé Àdúrà tó wà lórí àpótí. Ó ti pín Sáàmù 150 sí ọjọ́ 30, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kìíní oṣù, Sáàmù 1 sí 5 ni ti òwúrọ̀. Ẹ mú ọ̀kan nínú wọn.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Gbogbo èyí dára fún ẹni tó ń sùn lálẹ́. Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé ní aago 8, kó má fi 5:00 da ara rẹ̀ lẹ́bi. Sáàmù 55:17 dárúkọ alẹ́, òwúrọ̀ àti ọ̀sán. Kó fi tirẹ̀ sí ìgbà tó bá jí lọ́sàn-án, kì í ṣe ìgbà tó fẹ́ sùn. Àti pé nínú ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, àtẹ́wọ́ ní 5:00 ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ gbà á ní jẹ́jẹ́.

Ìyá_Ọ̀nà_Ọ̀dà
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìbéèrè kan ló kù: àárọ̀ Sátidé lẹ́yìn ìṣọ́ òru ńkọ́? A sì lè ti pàdánù ọjọ́ méjì kí ó tó di ìgbà yẹn.

Alàgbà_Ìjàpò
Ẹ sùn lọ́jọ́ náà, Màmá, ẹ ti gbàdúrà mọ́jú. Bí ẹ bá jí ní 8:00, Sáàmù kan tó. Ní ti ọjọ́ tó lọ, ẹ má san án bíi gbèsè; ẹni tó bá ń ka orí mẹ́ta kó lè bá déètì kì í rántí ọ̀kan nínú wọn. Ẹ fo ohun tó kọjá, ẹ ka ti òní, ẹ fi bírò sàmì síbi tí ẹ fò.