Tanímọ̀la bí ọmọ mẹ́fà, kí ni kí n máa fún un jẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, lẹ́bàá Tákíè. Tanímọ̀la, ajá mi, bí ọmọ mẹ́fà lóru ọjọ́ Ajé, nínú ọyẹ́ yìí. Àmàlà àti omi ọbẹ̀ ni mò ń fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, àmọ́ egungun ìhà rẹ̀ ti ń yọ. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ kì í ráyè mu ọmú. Ṣé kí n fún un ní mílíìkì agolo? Àánú wọn ń ṣe mí.

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ má fún un ní mílíìkì agolo o, ìgbẹ́ gbuuru ló máa fà. Ọmú ẹ̀yìn ni wàrà sábà máa ń pọ̀ sí. Ẹ gbé e síbẹ̀, kí ẹ kó àwọn tó lágbára kúrò fúngbà díẹ̀. Ìyá wọn ńkọ́? Àmàlà nìkan kò lè gbé e ró. Èmi máa ń se ìrẹsì mọ́ ẹja tútù tí mo ti yọ egungun rẹ̀, tàbí ẹyin, láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Tí àwọn ọmọ bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohun tó ń jẹ lè tó ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Omi kò gbọdọ̀ tán níwájú rẹ̀.

Ìdáhùn: Ọyẹ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ ajá tuntun kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Orí sìmẹ́ńtì tútù ni méjì kú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá. Ẹ tẹ́ aṣọ àlòkù fún wọn. Tí ìyá bá sì ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Kékeré ti ń mu ọmú ẹ̀yìn báyìí. Mò ń lọ ra ẹja.