Omi inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kí òtútù Chicago tó dé: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ọlọ́kọ̀ Adágún
Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o, ẹ̀yin ará. Mo ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Inú ọkọ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù rẹ̀ wà, omi adágún Michigan gan-an ló sì ń fà wọlé kí ó má baà gbóná jù. Láti ìparí oṣù kẹwàá, orí ilẹ̀ ní gbangba ni ọkọ̀ náà yóò wà títí di ìgbà ìrúwé. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n kàn jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fa kúlántì (omi olóògùn tí kì í tètè dì) mu títí yóò fi máa tú jáde níbi tí èéfín ń gbà. Ṣé ìyẹn tó lóòótọ́? Owó kékeré kọ́ ni mo ná lé e lórí.

Mẹkáníìkì Etí Omi
Ẹ kú ìdáwọ́lé. Kò tó rárá. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá tíì gbóná dáadáa, thermostat rẹ̀ (ìlẹ̀kùn kékeré tó máa ń ṣí fún omi bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná) á wà ní pípadé, èyí tó fi jẹ́ pé kúlántì tí ẹ ń rí tó ń tú jáde lẹ́yìn ọkọ̀ lè má tíì kan búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ògidì irin tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì, nígbà tí omi adágún ṣì kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Bí omi bá dì, ó máa ń fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 wú sí i, irin kò sì ní ibi tí yóò yẹ̀ sí. Búlọ́ọ̀kù lè là láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, títí yìnyín yóò fi yọ́ tí omi yóò sì máa dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tú omi náà dànù. Ẹ wá àwọn nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi dí ihò ní ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù àti lábẹ́ ibi tí èéfín ń gbà, ẹ tú wọn, kí ẹ sì yọ họ́ọ̀sì tó rẹlẹ̀ jù lọ. Bí omi kò bá jáde láti inú ihò kan, ẹ má ṣe gbà pé ibẹ̀ ti gbẹ: ìpẹtà àti yanrìn ló sábà máa ń dí i, ẹ fi wáyà gún un títí omi yóò fi ṣàn. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ló ti ibi ihò dídí yìí bàjẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá da kúlántì sínú họ́ọ̀sì tó wọ búlọ́ọ̀kù ní tààrà.

Ìyá Ìbejì, Milwaukee
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Kúlántì tí wọ́n fi propylene glycol ṣe ni kí ẹ rà, nítorí májèlé ni ethylene glycol tí wọ́n ń lò nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, inú adágún yìí ni a sì ti ń fa omi tí a ń mu. Bí ẹ bá rí -50 lára ike rẹ̀, Fahrenheit ni, ìyẹn nǹkan bí 46 Celsius sísàlẹ̀ òdo. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé páìpù kò ní bẹ́, kì í ṣe pé kúlántì náà kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í dì kí òtútù tó débẹ̀. Omi tó bá ṣẹ́kù yóò tún dín agbára rẹ̀ kù, bẹ́ẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019, òtútù Chicago kọjá ìwọ̀n 30 Celsius sísàlẹ̀ òdo.

Ọlọ́kọ̀ Adágún
Mo dúpẹ́ púpọ̀. Bátìrì àti ọ́ìlì jíà ìsàlẹ̀ (èyí tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ nínú omi) ńkọ́?

Mẹkáníìkì Etí Omi
Ẹ yí ọ́ìlì jíà náà nísinsìnyí, ẹ má dúró di ìgbà ìrúwé. Bí ó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ wá ibi tó gbà wọlé. Ní ti bátìrì, ẹ gba iná sí i kí ó kún, kí ẹ sì yọ wáyà rẹ̀. Èyí tó bá ti kú ni òtútù tètè máa ń mú dì.