Orin rọ́ọ̀kì wo ló mú yín dé ọ̀dọ̀ Bach àtàwọn àgbà olórin ijọ́un? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Onídùrù: Tèmi ni Emerson, Lake & Palmer (ELP), ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì, àwo Pictures at an Exhibition tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí ìtàgé ní Newcastle ní 1971. Mo ti mọ̀ ọ́n látòkèdélẹ̀ kí n tó gbọ́ bí Mussorgsky ṣe kọ ọ́ fún piano nìkan ní 1874. Ká sòótọ́, kò ta mí lára.

GìtáKìíSùn: Kò ta ẹ́ lára kẹ̀? Lọ tún un gbọ́ jàre.

Ọmọ Fèrè: Bourée ti ẹgbẹ́ Jethro Tull ni tèmi, 1969, orin Bach ni wọ́n tún tò. Mò ń kọ́ ti Bach gan-an lórí gìtá nígbà yẹn, àtàǹpàkò á máa rìn nísàlẹ̀, àwọn ìka yòókù á máa gbé orin lókè, wàhálà gidi. Ni mo bá gbọ́ bí Ian Anderson, afunfèrè wọn, ṣe ń fi fèrè jó o, látọjọ́ náà ọwọ́ mi ò gbà kí n ta á bó ṣe wà nínú ìwé mọ́, olùkọ́ mi kàn ń wojú mi ni, ó ní ta ló ba ọmọ yìí jẹ́.

Àgbà Etí: 😂😂 ta ló ba ọmọ yìí jẹ́

GìtáKìíSùn: Olùkọ́ ẹ ò jẹ̀bi o.

Màmá Síńfóní: Wọ́n ń ta kọnsátò kejì ti Rachmaninoff, orin piano pẹ̀lú ẹgbẹ́ olóhun èlò, wọ́n dé apá kejì, ẹni tó jókòó tì mí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ All by Myself lábẹ́nú. Mi ò lè bá a wí, orin yẹn náà ló wà lọ́kàn èmi gan-an.

Àgbà Etí: Olè ni Eric Carmen tó fi orin Rachmaninoff yẹn ṣe All by Myself, ẹ má pọ́n ọn lé.

Màmá Síńfóní: Olè wo? Ó rò pé orin yẹn ti di ti gbogbo ayé ni. Nígbà táwọn tó ni ẹ̀tọ́ Rachmaninoff dé, ṣebí ó gbà láti máa fún wọn lówó.

Onídùrù: ELP náà ńkọ́? Bartók ló ni orin tí wọ́n sọ di The Barbarian, àmọ́ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n kọ sára àwo ní 1970.

Ọmọ Fèrè: Bach náà mú orin Vivaldi, ó tún un tò fún dùrù. Ẹ pe òun náà lólè ká gbọ́.

Àgbà Etí: Ìyẹn yàtọ̀.

Ọmọ Fèrè: Báwo ló ṣe yàtọ̀?

GìtáKìíSùn: Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ti ẹgbẹ́ Procol Harum, dùrù inú A Whiter Shade of Pale tí gbogbo wa mọ̀ pé ó rùn mọ́ Bach, òun ni Matthew Fisher tó ta á gbé lọ sí kóòtù pé òun náà wà lára àwọn tó kọ orin náà, títí dé House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Britain nígbà yẹn, ó sì jàre ní 2009. Bach ò gba kọ́bọ̀.

Àgbà Etí: Mo ní ìyẹn yàtọ̀!