Àyẹ̀wò àyíká kí a tó sé odò

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, bí wọ́n bá fẹ́ sé odò kan lágbègbè wa fún ìbomirin oko, kí ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Èsì: Ìlera ni, ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí dáàmù Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta ní 1983, omi tó dúró lójú kan di ibùgbé àwọn ìgbín kéékèèké tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, tí àwọn ọmọ abúlé tó ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ sì ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Èsì: Ẹ má gbàgbé ìsàlẹ̀ odò. Bí wọ́n bá tú omi dáàmù sílẹ̀ nígbà òjò, Odò Ògùn, tí odò Ọ̀yán ń ṣàn wọ̀, lè bo oko àkúrọ̀ mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn tí wọn yóò ṣí nípò ńkọ́?

Èsì: Kí wọ́n gbẹ́ kànga fún wọn ṣáájú kí wọ́n tó kó wọn lọ, kí wọ́n má baà máa lo omi dáàmù.